Ẹ̀sùn lórí Ṣílè Méjì Ààbọ̀

Ẹjọ́ àtijọ́ ni mo fẹ́ tú síta. Olùjẹ́jọ́ mẹ́ta ni mo mú wá. Méjì ti kọjá lọ, ẹnì kẹta ṣì wà láàyè, bóyá òun gan-an ló ń ka ìwé yìí lọ́wọ́. Ẹni àkọ́kọ́ ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá sọ́wọ́ lọ́dún 1914. Ẹnì kejì ni Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá Kejì, tó gorí oyè lọ́dún 1920, pẹ̀lú àwọn ìjòyè àti akówó-orí tó ń jíṣẹ́ fún un. Ẹnì kẹta, ẹ jẹ́ kí n fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ ná. Bí mo bá dárúkọ rẹ̀ báyìí, ó lè dìde kó máa lọ.

Ẹ̀tọ́ ni wọ́n jí. Yorùbá ò sì pe ẹ̀tọ́ ní ẹ̀bùn. Ohun tó tọ́ síni ni. Ẹni tí kò bá fún ọ, gbèsè ló jẹ ọ́. Síbẹ̀, bí a bá ń sọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú lónìí, òkè òkun la máa ń wò, àfi bí ẹni pé ọjà tí ọkọ̀ ojú omi já sí Àpápá ni. A ó dárúkọ Martin Luther King, a ó ròyìn bọ́ọ̀sì Montgomery. Mi ò bá wọn du iyì wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká ka ọdún. Oṣù Kejìlá ọdún 1955 ni àwọn aláwọ̀ dúdú Montgomery kọ bọ́ọ̀sì sílẹ̀ tí wọ́n ń fẹsẹ̀ rìn. Ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá ọdún 1948 ni Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí ìwé ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn ní Paris. Kí ọjọ́ yẹn tó pé, àwọn obìnrin Abẹ́òkúta ti sùn sílẹ̀ níwájú ààfin Aké, wọ́n ti jà, ìjọba ti gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí owó orí wọn, Aláké sì ti kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Òṣogbo.

Ẹ̀sùn kìíní: wọ́n gba àga kí wọ́n tó béèrè owó

Ẹ̀gbá ayé àtijọ́ kì í kó gbogbo agbára lé ẹnì kan lọ́wọ́. Ògbóni wà, Ológun wà, àwọn Pàràkòyí wà tí ń ṣètò ọjà, Ìyálóde sì wà tí ń gbẹnu sọ fún àwọn obìnrin. Ọba tó bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kan, ó ní láti wo ojú gbogbo wọn. Ọdún 1864 ni Ẹfúnróyè Tinúbú di Ìyálóde Ẹ̀gbá, lẹ́yìn tó ti fi owó àti ohun ìjà ti àwọn ọmọ ogun lẹ́yìn kí Dahomey má baà pa ìlú run. Mi ò ní sọ fún yín pé ẹni mímọ́ ni. Ó ta ẹrú, ó sì fi ẹrú lówó. Ṣùgbọ́n títí tó fi kú lọ́dún 1887, ẹni tó bá fẹ́ ṣòfin ọjà láìbi í léèrè, ikùn onítọ̀hún le.

Ọdún 1893 ni Gómìnà Carter fọwọ́ sí ìwé àdéhùn pé Ẹ̀gbá yóò máa ṣàkóso ara wọn. Ọdún 21 péré ni ìwé náà lò. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1914, àwọn sọ́jà yìnbọn lu àwọn ará Ìjẹmọ̀ láàárín ìlú, kí ọdún náà sì tó parí, àdéhùn ti di pépà tí wọ́n fi ń di ẹ̀pà. Lugard, gómìnà àgbà òyìnbó, wá gbé ètò tirẹ̀ wọlé. Wọ́n pe ètò náà ní Sole Native Authority, ìyẹn ni pé ẹnì kan ṣoṣo ni àṣẹ ìlú wà lọ́wọ́ rẹ̀, Aláké sì ni ẹni náà. Ó rọrùn fún òyìnbó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ rán ènìyàn níṣẹ́, kò fẹ́ kí ẹni mẹ́rin jọ máa gbọ́ iṣẹ́ náà.

Kò sẹ́ni tó kéde pé wọ́n ti fagi lé Ìyálóde. Ìyẹn ì bá tilẹ̀ sàn. Ìlú ì bá gbọ́, wọn ì bá pariwo. Wọ́n fi oyè sílẹ̀, wọ́n gba iṣẹ́ inú rẹ̀. Àga wà nílé, kò sí àga ní ìgbìmọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ owó wá délẹ̀, kò sí obìnrin kan nínú yàrá tí wọ́n ti ṣírò rẹ̀.

Ẹ̀sùn kejì: wọ́n rí obìnrin nígbà gbígbà, wọn ò rí i nígbà ìpàdé

Owó ibodè ni ìjọba Ẹ̀gbá fi ń gbọ́ bùkátà tẹ́lẹ̀. Ọdún 1918 ni owó orí wọlé. Ìlú ò gbà. Láàárín ọdún náà ni ogun Adùbí bẹ́. Wọ́n hú irin ojú ọ̀nà rélùwéè, wọ́n gé wáyà. Àwọn sọ́jà tó ti jagun ìlà-oòrùn Áfíríkà bọ̀ ni ìjọba kó lé wọn lórí, ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn sì ṣòfò. Owó orí ò ṣòfò ní tirẹ̀. Ó dúró.

Ṣílè márùn-ún ni ti ọkùnrin. Ṣílè méjì ààbọ̀ ni ti obìnrin. Ẹ lè ní ó tiẹ̀ dín. Dúró ná. Ní ibi púpọ̀ nílẹ̀ Yorùbá, baálé ló ń san owó orí, ó parí. Ní Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú, wọ́n ya obìnrin sọ́tọ̀ kó máa san tirẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọmọbìnrin tó bá ti pé ọdún 15, owó ti dé bá a. Ọdún 16 ni wọ́n ń mú ọmọkùnrin. Ṣílè méjì ààbọ̀ yìí ò béèrè bóyá o tajà lónìí tàbí o ò tà. Ìyá tó ń pàtẹ ata ṣẹ́ẹ́ṣẹ̀ẹ́ṣẹ́ lẹ́bàá ọ̀nà àti ẹni tó ń kó aṣọ ní ìdì ní ìdì, iye kan náà ni.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ibẹ̀? Ìdáhùn wà ní ọjà Ìtòkú. Ẹni tó bá ti rìn níbi tí wọ́n ti ń ta àdìrẹ, tó rí bí obìnrin ṣe ń ṣàkóso iṣẹ́ látorí ọ̀rá àti ẹ̀kọ tí wọ́n fi ń ya àrà sára aṣọ títí dé orí ẹni tó ń kó o lọ sí ìlú òkèèrè, á mọ̀ pé àwọn tó ń wá owó ò lè ṣàìrí wọn. Ọwọ́ obìnrin dúdú fún aró, owó sì wà nínú aró yẹn. Ìjọba rí ọwọ́ náà kedere. Ẹnu ni kò rí.

Ẹ fi wé ti àwọn ẹlòmíràn. Lọ́dún 1929, àwọn obìnrin ìlà-oòrùn Nàìjíríà gbọ́ fìnrìnfìnrìn pé ìjọba fẹ́ ka àwọn láti gba owó orí. Fìnrìnfìnrìn lásán ni o. Wọ́n bẹ́ jáde, ìjọba yìnbọn, ó lé ní 50 obìnrin tó kú, ìròyìn náà sì kan Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí ìyẹn ń ṣẹlẹ̀, obìnrin Ẹ̀gbá ti ń san owó náà fún ọdún 11. Ní Èkó, nígbà tí ìjọba sọ lọ́dún 1940 pé obìnrin tó bá ń pa ju £50 lọ lọ́dún yóò máa san owó orí, Àlímọ́tù Pẹlẹ́wùrà kó àwọn ìyá ọjà jáde, wọ́n sì gbé iye náà sókè dé £200. Ìyá aláta ò ní fojú kan £200. Ní Abẹ́òkúta, kò sí òkè, kò sí ìsàlẹ̀. Bí o bá ti jẹ́ obìnrin tí o sì ń mí, san.

Ẹ̀sùn kẹta: wọ́n fi ara ọmọdé ṣe ìwé ọjọ́ ìbí

Èyí ni mo fẹ́ kí adájọ́ gbọ́ dáadáa, kó ju gègé sílẹ̀ kó wo ojú mi.

Òfin sọ pé ọdún 15. Àmọ́ ta ló ní ìwé ọjọ́ ìbí? Ìyá ń sọ pé ọdún tí wọ́n bí ọmọ òun ni òjò wó ilé lágbájá, tàbí ọdún tó tẹ̀ lé àjàkálẹ̀ àrùn. Akówó-orí ò lè fi ìyẹn ṣírò. Nítorí náà, wọ́n ń bọ́ ọmọ sí ìhòòhò. Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, aṣáájú àwọn obìnrin Abẹ́òkúta, àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ mú un wá sí gbangba nínú ẹ̀hónú wọn: wọ́n ń tú aṣọ lára ọmọbìnrin láti wò ó bóyá ó ti tó owó orí í san.

Ẹ fojú inú wò ó. Òwúrọ̀ ni. Ọmọ gbé ìkòkò ògì sórí, ó ń bọ̀ láti ojú odò, ìró ìyá rẹ̀ àtijọ́ ló ró mọ́ àyà. Ọkùnrin kan tó fi ìwé há abíyá dá a dúró. Kò bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀, kò bi í ní agboolé. Ó ní kó sọ ìkòkò kalẹ̀, kó tú ìró. Àwọn ará ilé ń wò. Bàbá àgbà tó jókòó sí ọ̀ọ̀dẹ̀ gbójú sílẹ̀, nítorí kò tọ́ kó rí ohun tí àlejò yìí ń fi ojú kà. Bí ọmú bá ti yọ, owó dé nìyẹn. Ìyá á sáré wọlé lọ tú ìdí aṣọ.

Nílẹ̀ wa níbí, ìhòòhò obìnrin kì í ṣe ohun eré. Àgbà obìnrin tó bá fẹ́ fi ọba bú, ìró ló ń tú. Ọkùnrin tó bá dúró wò ó mọ ohun tó ń fà lẹ́sẹ̀. Àwọn tó gba iṣẹ́ akówó-orí kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ ilẹ̀ wa ni wọ́n, wọ́n mọ èèwọ̀ náà bí ẹni mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Ìdí nìyí tí mi ò fi gbà kí olùjẹ́jọ́ kejì sá sẹ́yìn olùjẹ́jọ́ àkọ́kọ́ lórí ẹ̀sùn yìí. Òyìnbó ló kọ ọdún 15 sínú ìwé. Ọwọ́ dúdú ló tú ìró.

Ẹni tí kò bá sì san? Ilé ẹjọ́ ìbílẹ̀, owó ìtanràn, ẹ̀wọ̀n.

Ẹ̀sùn kẹrin: ìrẹsì

Kò gùn. Nígbà ogun Hitler, ìjọba ń wá oúnjẹ fún àwọn sọ́jà. Àwọn ọlọ́pàá ń dá àwọn obìnrin tó ń ru ìrẹsì bọ̀ wá sọ́jà dúró lójú ọ̀nà, wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé e ní iye tí kò tó nǹkan, ìgbà mìíràn láìsan kọ́bọ̀. Àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó náà ní tiwọn: bí o bá fẹ́ ra ọjà tó ń tà, o gbọ́dọ̀ kó èyí tí kò tà mọ́ ọn, kí o lọ wá ibi tí wàá jù ú sí. Ṣáájú èyí ni Aláké ti fòfin de aró òyìnbó àti kọ́sítììkì sódà tí àwọn aláró ń lò, títí wọ́n fi gba lọ́yà tí ìgbìmọ̀ ìwádìí sì jókòó lé e lọ́dún 1936. Ẹ kíyè sí i pé owó orí ò dín ní gbogbo àkókò yìí. Wọ́n ń já ọwọ́ rẹ lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n tún ń na ọwọ́ tiwọn kí o fi owó sí i.

Ìrẹsì yìí ló pa olówó àti tálákà pọ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1944, Abẹ́òkúta ní ẹgbẹ́ àwọn ìyáàfin kan, àwọn aya olùkọ́ àti aya pásítọ̀, tí wọ́n ń kọ́ ara wọn ní iṣẹ́ abẹ́rẹ́ àti bí a ti ń gbọ́ àsè. Ìyáàfin Ransome-Kuti ni olórí wọn. Ọkọ rẹ̀, Àlùfáà Israel Olúdọ̀tun, ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ Abeokuta Grammar School. Ìyá ọjà kan ní òun fẹ́ mọ ìwé kà. Wọ́n gbà á. Ẹlòmíràn tẹ̀ lé e. Ẹni tó wá kọ́ A, B, D kò lè ṣe kó má sọ ohun tó bá a lójú ọ̀nà lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìyáàfin ṣe gbọ́ ti ìrẹsì. Wọ́n lọ bá ìjọba, wọ́n kọ̀wé, gbígbẹ́sẹ̀lé náà dúró. Lọ́dún 1946 ẹgbẹ́ ìyáàfin di Ẹgbẹ́ Àwọn Obìnrin Abẹ́òkúta, èyí tí aláta lè wọ̀. Wọ́n ní ọmọ ẹgbẹ́ pé 20,000, ọ̀kẹ́ kan gbáko. Ìyáàfin Ransome-Kuti bọ́ gáùn, ó ró ìró, Yorùbá ló sì ń bá àwọn aláṣẹ òyìnbó sọ. Kí wọ́n lọ wá ògbufọ̀.

Ẹ̀sùn karùn-ún: wọ́n di etí

Àwọn tó ń sọ pé àwọn obìnrin yìí ya ìpátá, ẹ gbọ́ bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ìwé ẹ̀bẹ̀. Wọ́n rán àwọn aṣojú. Wọ́n gba oníṣirò owó kó yẹ ìwé ìnáwó ìjọba Aláké wò, wọ́n sì fi owó ẹgbẹ́ san iṣẹ́ rẹ̀. Èyí wù mí púpọ̀: àwọn tí wọ́n ń pè ní púrúǹtù ní kí wọ́n gbé ìwé ìṣirò wá. Wọ́n to ẹ̀sùn wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí mo ti ń to tèmi yìí. Ohun tí wọ́n béèrè ò ṣòro: ẹ mú owó orí obìnrin kúrò, kí ẹ gbà á lọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ òyìnbó tó ń kó èrè lọ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ fún obìnrin ní àga níbi tí wọ́n ti ń ná an.

Ìdáhùn Aláké ni pé owó orí ń lọ sókè. Ìyáàfin Ransome-Kuti kọ̀, kò san tirẹ̀, wọ́n gbé e lọ sílé ẹjọ́, wọ́n bu owó ìtanràn lé e. Lọ́dún 1947, ó bá àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣèlú NCNC lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, òun nìkan ni obìnrin láàárín wọn. Ó lo àǹfààní náà láti sọ fún àwọn obìnrin Gẹ̀ẹ́sì, àti nínú ìwé ìròyìn Daily Worker, pé ìjọba wọn ló gba ipò lọ́wọ́ obìnrin ilẹ̀ wa. Ìbínú ńlá ló bá nílé.

Nígbà tí ìjọba ní kò sí ìwọ́de láìgba ìwé àṣẹ, àwọn obìnrin ní àwọn ò ṣe ìwọ́de. Píkíníìkì ni àwọn ń lọ ṣe. Mi ò mọ òfin tó lè mú ẹni tó gbé oúnjẹ lọ jẹ níta.

Ọjọ́ 29 oṣù Kọkànlá ọdún 1947 ni wọ́n yà sí Aké. Ó lé ní 10,000. Ẹ tún un kà. Ọjà tú, nítorí àwọn tó ń tà àti àwọn tó ń rà ti wà níwájú ààfin. Wọ́n kọrin mọ́ Aláké, irú orin tí obìnrin kì í kọ létí ọba lọ́jọ́ dáadáa. Ilẹ̀ ṣú, wọn ò lọ. Ìparí oṣù Kọkànlá nìyẹn, ọyẹ́ ti ń wọlé, Abẹ́òkúta sì wà láàárín òkúta tó ń fa òtútù sára mọ́jú. Ìró tí wọ́n fi pọn ọmọ lọ́sàn-án ni wọ́n fi bora lóru. Ọ̀kan nínú àwọn aṣáájú wọn ni Ẹniọlá Ṣóyínká, tí í ṣe aya ọ̀gá ilé ìwé ní Aké. Ọmọ rẹ̀, Wọlé, jẹ́ ọmọ ọdún 13 nígbà náà, ó sì ń sáré jíṣẹ́ láàárín àwọn obìnrin. Ó kọ ìtàn ọjọ́ wọ̀nyẹn nígbà tó dàgbà. Mo máa ń ronú nípa ọmọ yẹn. Ẹni tó kọ́kọ́ rí ìjọba tó ń bẹ̀rù, tó sì jẹ́ pé ìyá rẹ̀ àti àwọn ọ̀rẹ́ ìyá rẹ̀ ni ìjọba ń bẹ̀rù, ojú tí yóò máa fi wo aláṣẹ títí ayé kò ní í jẹ́ ti ẹlòmíràn.

Aláké ní òun ti gbọ́. Wọ́n lọ sílé. Nígbà tí wọ́n rí i pé àwọn tó ń kọ̀ láti sanwó ṣì ń rẹ́wọ̀n he, wọ́n padà wá ní oṣù Kejìlá, wọn ò sì kúrò títí wọ́n fi tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n náà sílẹ̀. Lọ́dún 1948, wọ́n dá owó orí obìnrin dúró lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, obìnrin mẹ́rin sì jókòó nínú ìgbìmọ̀ tuntun. Ní ìparí oṣù Keje, Aláké lọ sí Òṣogbo. Ní oṣù Kìíní ọdún 1949, ó kọ oyè sílẹ̀.

Agbẹjọ́rò olùjẹ́jọ́ kejì fẹ́ sọ̀rọ̀

Ẹ jẹ́ kó sọ ọ́. Òun náà ní ẹ̀tọ́. Yóò ní Aláké kì í ṣe olúwa ara rẹ̀, pé Ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ló jókòó sí i lọ́rùn, pé ọba tó bá kọ̀, wọ́n á fi ẹlòmíràn rọ́pò. Òótọ́ ni. Yóò ní owó orí náà ni wọ́n fi la ọ̀nà, òun ni wọ́n fi san owó olùkọ́. Mo gbà. Yóò tún ní àwọn ọkùnrin kan wà tí wọ́n ti ń wá bí wọn yóò ṣe lé Aláké, tí wọ́n sì fara pamọ́ sábẹ́ ìró àwọn obìnrin. Mo gbà ju bẹ́ẹ̀ lọ: nígbà tí Ògbóni àti Ẹgbẹ́ Májẹ̀óbàjẹ́ fi jáde gbangba ní 1948, erin ti ṣubú, ọ̀bẹ onírúurú ni wọ́n yọ. Àwọn ìjòyè tó ń fi ẹnu kan náà pẹ̀lú Aláké jẹ nínú owó yẹn fún ọdún mélòó ló wá di ajìjàgbara láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan.

Ṣùgbọ́n ọba tí kò lè kọ iṣẹ́ tí wọ́n rán an, ṣé kò lè kọ bí wọ́n ṣe ń jẹ́ ẹ? Ajẹ́lẹ̀ kò sí nínú àgbàlá nígbà tí wọ́n ń tú ìró ọmọ. Ẹnu ọba kan ṣoṣo ló máa pàṣẹ pé kò gbọdọ̀ ṣẹlẹ̀ mọ́ ní ìlú òun. Àṣẹ ìlú wà lọ́wọ́ ẹnì kan ṣoṣo, bí òyìnbó ti fẹ́. Ẹ̀bi rẹ̀ náà kò ní ibòmíràn tí yóò gbà.

Ìlú dárí jì í ṣá. Oṣù Kejìlá ọdún 1950 ló padà sí Aké, orí oyè ló sì kú sí ní 1962. Ẹ̀gbá mọ bí a ti ń bínú, wọ́n mọ bí a ti ń gbà.

Ẹ̀sùn kẹfà: sọ́jà tí kò lórúkọ

Òyìnbó lọ. Ìjọba di tiwa. Kí òyìnbó tó lọ ni ìjọba ti kọ̀ láti tún pásípọ́ọ̀tì Ìyáàfin Ransome-Kuti ṣe fún un lẹ́yìn tó lọ sí Ṣáínà tó bọ̀, wọ́n ní kọ́múníìsì ni. Ṣùgbọ́n ìjọba tiwa ló, lọ́jọ́ 18 oṣù Kejì ọdún 1977, kó sọ́jà lọ sí ilé ọmọ rẹ̀, Fẹlá, ní Èkó, wọ́n dáná sun ilé, wọ́n sì ju ìyá náà láti ojú fèrèsé òkè. Ẹni ọdún 76 ni. Kò gbádùn mọ́ títí tó fi kú ní ọjọ́ 13 oṣù Kẹrin ọdún 1978.

Ìgbìmọ̀ ìwádìí jókòó. Wọ́n ní sọ́jà tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ ló ṣe é.

Mo fẹ́ kí adájọ́ gbé ìwé méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èkíní ni ìwé owó orí ọdún 1918, níbi tí wọ́n ti wá orúkọ gbogbo ọmọbìnrin ọdún 15 kan, láti Ìjẹmọ̀ dé Ìtòkú, láti oko dé ilé. Èkejì ni ìwé ìwádìí ọdún 1977, níbi tí ẹgbẹ́ ọmọ ogun tó ń to orúkọ, tó ń to nọ́ńbà, tó ń san owó oṣù fún ọmọ ogun kọ̀ọ̀kan, kò ti rí orúkọ kan péré.

Ẹ̀sùn keje: olùjẹ́jọ́ kẹta, dìde

Àwa ni. Èmi, ìwọ, olùkọ́ tó kọ́ wa, ẹni tó kọ ìwé tí olùkọ́ fi kọ́ wa.

Ìwé òfin ọdún 1999 tí à ń lò lónìí, ìpín 26 rẹ̀ gbà kí obìnrin àjèjì tí ọkùnrin Nàìjíríà bá fẹ́ lè forúkọ sílẹ̀ di ọmọ Nàìjíríà. Kò sọ bẹ́ẹ̀ fún ọkùnrin àjèjì tí obìnrin Nàìjíríà bá fẹ́. Ìpín 42 nínú ìwé kan náà ní kò gbọdọ̀ sí ìyàtọ̀ nítorí ọkùnrin tàbí obìnrin. Ìwé kan, ẹnu méjì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2022, wọ́n gbé àbá lọ sí ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ní Àbújá láti tún èyí ṣe, àti láti ya àga sọ́tọ̀ fún obìnrin nínú ilé náà. Wọ́n dìbò, wọ́n dà á nù. Àwọn obìnrin lọ jókòó sí ẹnu géètì. Mo wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n, mo rí ìwé àmúlọ́wọ́ àti agboòrùn, mo sì ń retí kí ẹnì kan nínú àwọn oníròyìn sọ pé a ti rí irú èyí rí, pé ní Aké ni, ní 1947. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́. N kò rò pé wọ́n mọ̀ ọ́n mọ̀ fi pamọ́. Wọn ò gbọ́ ọ rí ni.

Ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n gbọ́. Ní ọjọ́ Sunday kan báyìí, ọmọ àbúrò mi gbé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá bá mi. Ìwé kẹfà ló wà. Ìbéèrè mẹ́wàá ni, ìkẹta sì ni pé kó kọ orúkọ obìnrin tó kọ́kọ́ wa mọ́tò ní Nàìjíríà. Ó ti kọ Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kuti, ó kọ ọ́ dáadáa, ó fi àmì sí orí rẹ̀. Ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi èmi náà nígbà tí mo wà ní ìwé kẹfà, tí mo gba máàkì mi tí mo lọ ṣeré.

Mo bi í pé, "Níbo ló ń wa mọ́tò náà lọ?"

Ó wo ojú mi bóyá mò ń tan òun. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó wo iwájú, ó wo ẹ̀yìn. "Bùọ̀dá mi, kò sí níbẹ̀."

Mo ní kó mú pẹ́ńsùlù wá ká kọ ọ́ sí i. A bẹ̀rẹ̀ láti orí ìrẹsì. Ìlà kan péré ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn, orúkọ tó kọ síbẹ̀ sì ti gbà á tán. Ó yí ìwé náà sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ń wá ibi tó ṣófo.